Okùn Tí Mo Rẹ, Okùn Tí Mo Kọ̀

Ọmọ aláró ni mí. Kẹ́mta ní Abẹ́òkúta ni ilé ìyá mi, ìdí ìkòkò aró ni ìyá àgbà ti tọ́ ọ dàgbà, ibẹ̀ náà ni èmi ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí n tó mọ̀wé kà dáadáa. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹ̀rí mi lè mọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Ìlú Salt Lake City ní ìpínlẹ̀ Utah, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé báyìí, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ń ṣe jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mi ò bá sí níbi iṣẹ́, inú gáréèjì wa ni ẹ ó ti bá mi, níbi tí mo ti ń rẹ okùn. Kì í ṣe aṣọ. Okùn náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń gun àpáta ni, àti ọ̀já náílọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ tí àwọn tó ń gun àpáta fi ń so ara wọn mọ́ òkúta.

Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin ló kó ọ̀rọ̀ okùn wọlé tọ̀ mí wá. Ó wọ yunifásítì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú un lọ gun àpáta lọ́jọ́ Sátidé kan, láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti sí nílé mọ́. Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi tí ẹ wà lókè òkun, ó yé yín. Èèyàn á ṣiṣẹ́ òru, á ṣiṣẹ́ ọ̀sán, kí ọmọ lè kàwé, ọmọ á wá lọ fi okùn so ara rẹ̀ rọ̀ sára ògiri òkúta. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí fọ́tò rẹ̀ lórí àpáta, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo gbààwẹ̀ lé e lórí. Mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Abẹ́òkúta pé kó bá mi bá a wí. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Àbúrò mi, ta ni bàbá tó bí ìyá wa? Ṣé akọ̀pẹ kọ́ ni? Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ, ṣé kì í ṣe okùn ni?"

Mi ò rí èsì fún un. Bàbá àgbà fi igbà gun ọ̀pẹ títí irun orí rẹ̀ fi funfun, kò sì ṣubú rí. Ohun tí mo rántí jù nípa rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan igbà náà. Kó tó gùn, á fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á gbé e kọ́ ọ̀pẹ, á fi gbogbo ara fà á sẹ́yìn, kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Mo ṣì ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ igbà yìí.

Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta ohun èlò gígun àpáta, àwọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀: píńkì, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ewé tó ń ta síni lójú. Kì í ṣe afẹ́ lásán. Ẹni tó ń lo okùn méjì pọ̀ ní láti mọ èyí tó yẹ kí òun fà àti èyí tó yẹ kí òun dẹ̀, kò sì sí àyè àṣìmú lókè níbẹ̀. Ẹni tó dúró nísàlẹ̀, tó di okùn mú fún ẹnìkejì rẹ̀, gbọ́dọ̀ máa rí i láti òkèèrè. Okùn náà sì ní inú, ó ní ẹ̀wù. Inú rẹ̀ ni fọ́nrán náílọ́ọ̀nù tí wọ́n lọ́ pọ̀, òun ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù. Ẹ̀wù ni èyí tí wọ́n hun bò ó lára, òun ni a ń rí àwọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Edelrid ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbé irú okùn bẹ́ẹ̀ jáde, ní 1953.

Àmọ́ àwọ̀ tó dára fún ẹni tó wà lórí okùn kò dára lójú ẹni tó wá wo àpáta. Ní gúúsù ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ wa yìí, ní agbègbè ìlú Moab, òkúta ibẹ̀ pupa bí ẹni pé wọ́n fi osùn pa á. Arches wà níbẹ̀, èyí tó di ọgbà ìtura ìjọba àpapọ̀ ní 1971. Ẹni tó bá ń fi okùn sọ̀kalẹ̀ láti orí irú àpáta bẹ́ẹ̀ lè ní láti fi ọ̀já kan sílẹ̀ sẹ́yìn, torí inú ọ̀já yẹn ni okùn rẹ̀ gbà kọjá, kò sì sí bí yóò ṣe padà lọ tú u. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e náà á tún fi tirẹ̀ sílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá lo píńkì, àkísà ni ojú àpáta yóò dà. Ìdí nìyí tí òfin Arches fi sọ pé ọ̀já tí èèyàn bá fi sílẹ̀ lórí àpáta gbọ́dọ̀ bá àwọ̀ àpáta náà mu. Òfin yìí ló gbé ọmọ mi dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ mọ aró. Ṣé ẹ lè bá mi sọ ọ̀já yìí di àwọ̀ ilẹ̀ Moab?"

Mo jẹ́wọ́ fún yín pé inú mi dùn débi tí mo fi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa rí omi lójú mi. Gbogbo ọdún tí mo ti lò ní ìlú yìí, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ mi tó béèrè ohun tí mo mọ̀ kí n tó dé Amẹ́ríkà. Wọ́n ń wọ àdìrẹ lọ sóde ìgbéyàwó, wọ́n á sì bọ́ ọ bí wọ́n bá dé ilé. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bi mí léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Okùn ló wá sọ ọ́ di ohun tí ọmọ fẹ́ mọ̀.

Ìjókòó àkọ́kọ́ wa, ẹ̀kọ́ ni mo fi í kọ́ ọ. Mo sọ fún un pé ẹ̀lú tí àwọn ìyá wa ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá gbẹ, kì í yọ́ nínú omi lásán. Omi eérú ni wọ́n fi ń pò ó. Á wà nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kẹ̀, tí ìfófòó yóò fi bo ojú rẹ̀, tí òórùn rẹ̀ yóò sì gba àdúgbò. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀ kì í ní àwọ̀ aró. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, atẹ́gùn ló máa ń sọ ọ́ di aró níwájú ẹni. Kò sí iná lábẹ́ ìkòkò náà. Bí wọ́n bá fẹ́ kó dú dáadáa, wọ́n á rì í bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í bọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mọ̀ọ́mọ̀ọ́.

Náílọ́ọ̀nù kò mọ gbogbo ìyẹn. Wallace Carothers àti àwọn onímọ̀ tó bá a ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ DuPont ló ṣe é ní 1935. Inú kẹ́míkà ló ti wá, kì í ṣe inú oko. Ohun tó ń fẹ́ sì lòdì pátápátá sí ohun tí òwú ń fẹ́ nínú ìkòkò aró. Òwú ń fẹ́ omi eérú. Náílọ́ọ̀nù ń fẹ́ omi kíkan. Òwú ń dúró de atẹ́gùn; náílọ́ọ̀nù ń dúró de iná. Ooru ló ń dẹ ara fọ́nrán náílọ́ọ̀nù kí àwọ̀ lè wọ inú rẹ̀, omi kíkan ló sì ń mú kí fọ́nrán náà di àwọ̀ mú tí kò fi ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Irú aró tí wọ́n ń pè ní acid dye lórí páálí ni, òun kan náà ni wọ́n fi ń rẹ irun àgùntàn àti sílíìkì. (Sányán tiwa náà á gbà á, torí sílíìkì ni òun náà. Ó wù mí kí ẹnìkan ní Ìsẹ́yìn gbìyànjú rẹ̀ wò.)

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọ̀já nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí òróró ilé iṣẹ́ máa ń wà lára rẹ̀, aró kì í sì wọ ibi tí òróró bá wà. Lẹ́yìn náà màá rẹ ẹ́ sínú omi lásán kó lè mu ún dé inú. Ìkòkò irin tí kì í dógùn-ún ni mò ń lò, mi ò sì jẹ́ fi ìkòkò náà se ọbẹ̀. Ìbọ̀wọ́ á wà lọ́wọ́ mi, ìbòmú á wà nímú mi nígbà tí mo bá ń bu ìyẹ̀fun aró, nítorí ìyẹ̀fun yẹn kò yẹ lẹ́dọ̀fóró ẹnikẹ́ni. Màá fi omi gbígbóná díẹ̀ pò ó títí kókó kankan ò fi ní sí nínú rẹ̀, kí n tó dà á sínú omi ìkòkò. Ọ̀já á wọlé nígbà tí omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, iná á máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀, títí omi yóò fi sún mọ́ 80°C. Nígbà tí àwọ̀ bá ti kárí ọ̀já ni màá tó da fínígà funfun sí i. Ẹni tó bá tètè da fínígà sí i, ibì kan yóò dú, ibì kan yóò sì ṣí, torí ibi tí aró bá kọ́kọ́ bá ni yóò dúró sí. Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi ò ní kúrò lára igi tí mo fi ń rò ó. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn wákàtí kan, màá máa yí i, màá máa gbé ti ìsàlẹ̀ wá sókè.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni omi náà. Omi tó pupa fòò nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo bojú wò ó nígbà tó yá, mo ń rí ìdí ìkòkò. Náílọ́ọ̀nù ti mu gbogbo àwọ̀ inú rẹ̀ tán. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ìkòkò aró Kẹ́mta kì í mọ́. Ìyá àgbà á máa bọ́ ọ ni, á máa pe aró tó kù nínú rẹ̀ ní ẹ̀mí ìkòkò. Mo dúró síbẹ̀ nínú gáréèjì, mo ń sọ̀rọ̀ sí ìyá àgbà tó ti kú tipẹ́, mo ní, "Ìyá, ẹ wá wo omi yìí."

Lẹ́yìn ìyẹn, ó kù kó tutù nínú ìkòkò fúnra rẹ̀, kí n ṣàn án nù títí omi fi mọ́, kí n sá a síbi tí oòrùn kò dé. Oòrùn ń jẹ náílọ́ọ̀nù. Ọ̀já tó bá ti pẹ́ lójú oòrùn aṣálẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, á le gbagidi, agbára rẹ̀ á sì ti lọ.

Iṣẹ́ gidi wà nínú àwọ̀ tó ti wà lára okùn tẹ́lẹ̀. Èèyàn kò lè mú un kúrò. Bílíìṣì tí àwọn kan máa ń sá tọ̀, jíjẹ ló ń jẹ náílọ́ọ̀nù, kò gbọ́dọ̀ kàn án rárá. Orí èyí tó wà nílẹ̀ ni a ó máa kọ́lé sí. Bí mo bá da aró búlúù lé àwọ̀ ìyeyè, ewé ni màá bá. Bí mo bá dà á lé àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ilẹ̀ ni, bí mo bá sì dà á jù, yóò di dúdú. Píńkì ń fẹ́ ewé díẹ̀ kó tó lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àwọ̀ tó ń tàn yòò yẹn ló lágídí jù. Wọ́n á máa yọjú lábẹ́ ohunkóhun tí mo bá dà lé wọn. Ọ̀já funfun ló rọrùn jù, òun ni mo máa ń sọ fún àwọn tó ń bi mí pé kí wọ́n fi kọ́ṣẹ́.

Àwọn kan sì wà tí kò ní gbà láéláé. Pọliẹ́sítà kì í mu acid dye, bí èèyàn se é di ọ̀la. Fọ́nrán tí wọ́n ń pè ní Dyneema kì í mu aró kankan rárá. Bí ẹ bá wo ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi Dyneema ṣe, ẹ ó rí i pé funfun ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Àwọ̀ díẹ̀ tó wà létí rẹ̀, òwú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n hun mọ́ ọn ni. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó fẹ́ràn iná: náílọ́ọ̀nù kì í yọ́ títí ooru fi kọjá 200°C, ṣùgbọ́n nǹkan bí 145°C ni ti Dyneema. Nítorí náà, mo máa ń ka ìwé ara nǹkan kí n tó fi omi kàn án. Èyí tí kò bá ní ìwé lára kì í wọ ìkòkò mi.

Àwọn àjákù ọ̀já tí ọmọ mi kọ́kọ́ kó wá, tí ó fẹ́ fi ṣe okùn àpò àti ohun tí yóò fi máa so ẹrù rẹ̀, gbogbo wọn ni mo rẹ. Wọ́n jáde dáadáa. Ó mú wọn lọ fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, inú mi sì ń dùn. Lẹ́yìn náà ló wá gbé okùn rẹ̀ gan-an wọlé, okùn gígùn aláwọ̀ ìyeyè, pẹ̀lú odidi ọ̀já tó fẹ́ máa fi sílẹ̀ lórí àpáta. Ó ní kí n rẹ gbogbo rẹ̀.

Mo kọ̀.

Ó rò pé eré ni mò ń ṣe. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ rẹ èyí tó kọjá? Náílọ́ọ̀nù kan náà ni. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé iná yín kò tó èyí tó lè yọ́ ọ." Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kí okùn má yọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀. Okùn àpáta ń gba ẹ̀mí là nítorí pé ó ń fà díẹ̀ nígbà tí èèyàn bá já bọ́. Bí kò bá fà, egungun ẹ̀yìn ni yóò gba ìjàǹbá náà. Wọ́n ń dán an wò ní ìlànà Yúróòpù, EN 892: wọ́n á so ẹrù 80kg mọ́ ọn, wọ́n á jẹ́ kó já bọ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀márùn-ún láìjá, agbára tó sì bá ẹrù náà nígbà àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 12 kN lọ. Okùn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ dán wò, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ló sọ pé kí a má fi omi tó ju 30°C lọ fọ̀ ọ́. Èmi wá fẹ́ sè é ní 80. Ooru ń mú náílọ́ọ̀nù sún kì. Mo ti rí i lára àwọn àjákù wọ̀nyẹn, wọ́n kúrú ju bí wọ́n ṣe wọlé lọ. Bí ẹ̀wù okùn bá sún kì, tí inú rẹ̀ kò sún tó bẹ́ẹ̀, mi ò mọ irú okùn tí mo fi lé ọmọ lọ́wọ́ mọ́. UIAA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè kárí ayé, ti kìlọ̀ pé yíńkì tí èèyàn fi sàmì sí àárín okùn lásán lè dín agbára rẹ̀ kù tó ìdajì, bí kì í bá ṣe irú èyí tí ilé iṣẹ́ okùn fọwọ́ sí. Àmì kékeré nìyẹn o, kì í ṣe odidi okùn.

Ti ọ̀já náà tún ní tirẹ̀. Lára ọ̀já tí wọ́n ṣe ní ìlànà EN 565, ẹ ó rí ìlà òwú tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyókù. Ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún 5 kN, tó jẹ́ nǹkan bí ìwúwo 500kg. Ẹni tó bá bá ọ̀já yẹn lórí àpáta, ìlà ni yóò kà kó tó gbé ara lé e. Bí mo bá ti rẹ ẹ́ ní àwọ̀ kan ṣoṣo, mo ti pa ìwé rẹ̀ rẹ́. Àlejò tí mi ò mọ̀ rí, ọmọ ẹlòmíì, ni yóò wá gbé ara lé ohun tí kò lè kà.

Mo tún rán an létí Todd Skinner, ẹni tí ọmọ mi fúnra rẹ̀ ti sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ọ̀gá ló jẹ́ nídìí gígun àpáta ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹwàá 2006 ó ń fi okùn sọ̀kalẹ̀ ní Yosemite, okùn rẹ̀ kò já. Ọ̀já kékeré iwájú ìgbáròkó rẹ̀, tó ti gbó, ló já. Ìwọ̀nba ọ̀já kúkúrú kan.

Àwọn aláró ìlú wa náà ti mọ ohun tí aró lè bà jẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà wọ Abẹ́òkúta, iṣẹ́ yá, ìkòkò tó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yá kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣi sódà wọ̀n, aṣọ oníbàárà ló máa ń jẹ. Ẹjọ́ aṣọ tó ń gbó tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń ṣí pọ̀ débi pé ní 1936 Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de àwọn kẹ́míkà náà, àwọn aláró sì dìde pé àwọn ò gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Judith Byfield kọ ìtàn wọn sínú ìwé rẹ̀ The Bluest Hands, tó jáde ní 2002, mo sì ń rọ ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá pé kó wá a kà. Àwọn obìnrin yẹn ń jà fún oúnjẹ ọmọ wọn, mi ò sì lè bá wọn wí. Àmọ́ aṣọ ló wà nínú ìkòkò tiwọn. Bí aṣọ bá ya, a ó rán an.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ni mo sọ fún ọmọ mi, òótọ́ sì ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni mo wá jẹ́, mi ò ní fi ìdajì rẹ̀ pamọ́. Ìlànà EN àti UIAA kọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ni. Mo wo okùn ìyeyè yẹn nílẹ̀ gáréèjì, mo sì rí i pé bí ó bá já lọ́jọ́ kan, nítorí ohun yòówù, ìkòkò mi ni màá máa bi léèrè títí màá fi kú. Mo ti fara mọ́ ọn pé ọmọ mi á máa gun àpáta. Mi ò fara mọ́ ọn pé kí ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Mo sì tún jẹ́wọ́ pé apá kan ọkàn mi ń retí pé bí mo bá kọ̀, á fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á wá jókòó sílé.

Kò fi í sílẹ̀. Ó bínú, ó kó okùn rẹ̀ jáde, ó sì pẹ́ kó tó tún wá bá mi nínú gáréèjì. Nígbà tó padà wá, kò sọ̀rọ̀ aró. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀gbọ́n yín sọ fún mi lórí fóònù pé bàbá àgbà yín ń gun ọ̀pẹ. Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé igbà òun ṣì dára?" Mo sọ bí ó ṣe ń ṣe é fún un: àtàǹpàkò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó tó gùn, nígbàkígbà. Ó wò mí, ó na okùn rẹ̀ sílẹ̀, ó mú ọwọ́ mi, ó ní kí n fi ṣe bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn náà nìyẹn: kí okùn gba àárín ìka kọjá díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa wá ibi tó bá rọ̀ jù, ibi tó bá le jù, ibi tí ẹ̀wù bá ti ha. Èmi àti òun tọ́ gbogbo okùn náà wò dé òpin. Láti ìgbà yẹn, kó tó lọ sí Moab, a jọ máa ń ṣe é, ẹ̀rù mi sì ti dín kù. Kò tán o. Ó dín kù.

Ọ̀já tó ń lò lórí àpáta, rírà ló ń rà á. Wọ́n ń ta á ní àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ yanrìn láti ilé iṣẹ́, wọ́n ti dán an wò lẹ́yìn tí wọ́n ti rẹ ẹ́ tán, ó bá òfin Arches mu, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti aró, fínígà àti iná tí èèyàn máa fi ṣe é nílé. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Èyí tó ń wọ ìkòkò mi ni okùn tó ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ okùn ló sọ pé lẹ́yìn ọdún 10, kí èèyàn má gun orí rẹ̀ mọ́, bí wọn ò tilẹ̀ lò ó rí. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi ń kó tiwọn wá fún mi. Kí n tó ṣe ohunkóhun sí i, màá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí ó má sí èyí tó gùn ju ìdúró èèyàn lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún rò pé ó ṣì gbé èèyàn. Lẹ́yìn náà ni màá rẹ ẹ́: osùn, aró, ewé, dúdú. Mo fi ń hun ẹní ẹnu ọ̀nà, mo fi ń ṣe okùn tí wọ́n fi ń mú ajá rìn, mo ń ṣe ọwọ́ àpò ọjà fún àwọn ìyá ìjọ wa. Mo tún fi ìko so díẹ̀ nínú wọn, bí wọ́n ṣe ń so àdìrẹ oníko, kí aró má bàa wọ ibi tí mo so. Àmì funfun hàn lára ẹ̀wù okùn kedere. Ọmọ mi obìnrin, tí kò bìkítà fún àpáta, ló ń bá mi so ó báyìí.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé okùn tàbí ọ̀já wálé pé kí ẹ bá òun yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ẹ má lé e, ẹ má sì sá fún un. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Kí lo fẹ́ so mọ́ ọn?" Bó bá ní àpò, ajá tàbí ẹní, ẹ gbé omi kaná. Bó bá ní ara òun ni, ẹ fún un lówó kó lọ ra èyí tó ti ní àwọ̀ tó ń wá.